Abẹ́rẹ́ Ẹ̀yìn Chitou

Nígbà tí Chitou ti iṣẹ́ ológun Faransé dé sí Manigri, ìlú rẹ̀, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wú bí ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan rẹ̀. Dókítà àwọn ológun fún un ní oògùn oníhóró, ó ní kó máa lò ó lójoojúmọ́ kí ẹ̀jẹ̀ má baà tún dì. Djamilatou, ìyàwó rẹ̀, ló ń tọ́jú oògùn náà. Wíwú ẹsẹ̀ náà lọ sílẹ̀, Chitou sì padà sóko iṣu, ṣùgbọ́n kò dá oògùn náà dúró. Bó bá ń kọ ebè, a máa kọrin pẹ̀lú ohùn burúkú, tí ará oko gbogbo á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ìpá tó ti wà lábẹ́ ikùn rẹ̀ tipẹ́ yọ síta, kò wọlé mọ́. Ó ń bì, ó ń làágùn. Yáyà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó àwọn ọkùnrin jọ, wọ́n gbé e lọ sí Bassila, níbi tí dókítà òyìnbó kan tó ń rìn kiri ti ń ṣiṣẹ́ abẹ.

Ògbifọ̀ dókítà ní, "Ìfun rẹ̀ ti há. Bí a kò bá là á lónìí, yóò kú. A ó gún un lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn kí ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ lè kú, kó má mọ ìrora. Ṣé ó ti mu oògùn kankan?"

Àgbo ni Djamilatou rò pé ó ń béèrè. "Rárá, bàbá. A ò fún un ní nǹkan kan."

Oògùn ẹsẹ̀, ti ẹsẹ̀ ni lójú tirẹ̀. Inú ló ń run ọkọ rẹ̀. Ìrora kò sì jẹ́ kí Chitou lè sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ abẹ yọrí. Lálẹ́, Chitou rẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ mi ò tíì jí."

"Á jí," ni Djamilatou wí.

Kò jí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀yìn ń ta á bí iná. Dókítà fi abẹ́rẹ́ gún ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Chitou ń wo ẹnu ọ̀nà, kò mọ̀ pé ẹnìkan fọwọ́ kan òun.

"Dókítà ní oògùn wo ni ọkọ rẹ ń lò," ni ògbifọ̀ wí, "títí kan ti òyìnbó."

Djamilatou tú etí ìró rẹ̀, ó kó hóró oògùn jáde. Dókítà wò ó, ó jókòó. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ògbifọ̀ kò lè wo ojú obìnrin náà bó ti ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Oògùn yìí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá. Ojú abẹ́rẹ́ ti ṣẹ̀jẹ̀ sínú ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹ̀jẹ̀ náà sì ti tẹ iṣan tó ń gbé ẹsẹ̀. Dókítà ní ká ní òun mọ̀, òun kì bá tí gún un níbẹ̀."

Djamilatou fi ọwọ́ bo ẹnu.

Nígbà tí wọ́n gbé Chitou padà sí Manigri láìlè rìn, kò bá Djamilatou wí rárá, ìyẹn ló sì dùn ún jù. "Padà sílé bàbá ẹ ní Pénéssoulou," ló sọ. "Ọmọdé ṣì ni ọ́."

"Ta ni yóò máa yí yín sẹ́gbẹ̀ẹ́?"

Ó ń yí i, ó ń wẹ̀ ẹ́, àmọ́ egbò yọ ní ìdí rẹ̀, ó jìn dé egungun. Ibà ló gbé e lọ nígbà òjò.

"Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ," ni Yáyà ń sọ fún Djamilatou.

"Ẹnu mi ló sọ pé rárá, ẹ̀gbọ́n."

Nígbà tó jáde opó, bàbá rẹ̀ wá mú un. Ó tẹ̀lé e lọ sí Pénéssoulou.