Páwábáǹkì Ìyá Awakọ̀

Gbìì! Ilẹ̀kùn wó lulẹ̀, ọmọkùnrin Ìyá Awakọ̀ sì wó tẹ̀lé e. Ìyá Awakọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, tówẹ̀lì láyà, ọṣẹ ṣì ń hó létí rẹ̀, ó ń wo géńdé ọkùnrin tó nà gbalaja sáàárín pálọ̀ rẹ̀.

"Ṣé ilé ń jó ni?"

"Màmá! Láti àná ni mo ti ń pè yín! Fóònù yín ò lọ rárá!"

"Iná ni ò sí. Fóònù ló kú. Èmi ò kú."

Ọmọ náà dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ti parí: nírọ̀lẹ́ òun á gbé ọkọ̀ wá kẹ́rù màmá òun, ọ̀dọ̀ òun ni wọ́n á máa gbé. Ìrìnàjò sọ́dọ̀ àbúrò wọn tí wọ́n ti ń pète, kí wọ́n gbàgbé ẹ̀. Àgbà tí fóònù rẹ̀ ń kú kì í dá rìn.

Ìyá Awakọ̀ kò bá a jà. Nígbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, ọkọ̀ akẹ́rù ló máa ń wà. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá ń sáré bọ̀ lẹ́yìn ẹni, ṣe là á yà fún un kó kọjá. Ọmọ náà kọjá lọ síbi iṣẹ́. Ìyá pe káfíńtà ìsàlẹ̀ ilé pé kó wá kan ilẹ̀kùn, ó wọṣọ, ó wọ bàtà, ó jáde.

Ọmọbìnrin tó ń ta fóònù ní ìkóríta gbé páwábáǹkì kan, ẹ̀rọ tó ń tọ́jú iná pamọ́ fún fóònù, kalẹ̀; ó rí bíi búlọ́ọ̀kù. "Màmá, ẹ mú èyí. Òun ló tóbi jù."

"Ṣé mo ní mo fẹ́ kọ́lé ni? Èwo ló ń yára?"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó mú pẹlẹbẹ kan jáde. "Èyí yára, fóònù yín náà á sì gbà á. Àmọ́ wáyà yín yìí ti gbó, kò ní jẹ́ kó yára. Ẹ fi èyí pààrọ̀ ẹ̀."

"Ó yé mi. Táńkì lè kún dẹ́nu, bí páìpù epo bá tín-ín-rín, ńṣe ni ẹ́ńjìnì á máa wúkọ́. Ó ti gba iná?"

"Ó ti kún, Màmá."

"Ojú mi ni mo fẹ́ kó rí i."

Ó fa àpótí, ó jókòó, ó ki wáyà bọ fóònù. Oníbàárà ń wọlé, oníbàárà ń jáde, Ìyá kò mira. Lóòrèkóòrè ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan páwábáǹkì náà: ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò gbóná. Kó tó jókòó pẹ́, fóònù ti kọjá ìdajì. Ó sanwó.

Ilé ló yẹ kó yà sí. Ṣùgbọ́n òdìkejì títì ni ibùdókọ̀ wà, awakọ̀ kan tó ń lọ sí ìlú àbúrò rẹ̀ sì ń kígbe pé ẹnì kan ló kù. Bí àgbà ò bá ṣe ohun ẹ̀rù, ọmọdé kì í sá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti sọdá kí ọkàn rẹ̀ tó gbọ́.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí fóònù dún nínú ọkọ̀. Kò jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kejì.

"Màmá, níbo lẹ wà? Káfíńtà ní ẹ ò tíì wọlé!"

"Mo ń lọ sọ́dọ̀ àǹtí ẹ."

"Ta ló mú yín lọ?"

"Èmi ni mo mú ara mi. Iná wà nínú fóònù, òmíràn wà nínú báàgì. Ẹrù mi ò kúrò níbi tó wà. Tí o bá sì tún já ilẹ̀kùn mi, ìwọ lo máa tún un ṣe."

Ó ń retí ariwo. Èémí ló gbọ́, bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀.

"Ẹ ṣáà máa gbé e tí mo bá pè," ọmọ náà wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Nígbà tí ẹ máa ń wakọ̀ lọ, kò sí fóònù. Ojú fèrèsé ni mo máa ń wà."

Ìyá kò mọ̀. Gbogbo ìgbà tó bá dé, orí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló ti máa ń bá a tó ti sùn lọ. Atẹ́gùn ló rò pé ọmọ náà ń wá.

Kò ní kí awakọ̀ dúró. Kò sì pa fóònù. Ó ki wáyà bọ̀ ọ́, ó gbé e padà sétí, ó wá ń sọ ohun tó ń rí fún un: afárá gígùn kan, igi tó ṣubú sẹ́bàá ọ̀nà, àwọn màlúù tó ń sọdá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọmọ náà ń gbọ́.