Ọkọ́ Bàbá Àgbà

Zuliat tún fi fóònù bàbá rẹ̀ ti páálí ìṣó, ó gbé ọkọ́ tuntun kan lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ fídíò rẹ̀ lákọ̀tun.

"Bàbá àgbà mi ń gbé ní Ọ̀fà. Alágbẹ̀dẹ ni wọ́n. Wọ́n ń rọ ọkọ..."

Ó ti tún sọ bàbá àgbà di ẹni tó ń rọ ọkọ fún àwọn obìnrin. Ó pa fídíò náà rẹ́.

Lọ́sàn-án yìí ni Alhaja Rùkáyàt, tó ń kọ́ wọn ní Yorùbá ní mọ́sáláṣí, yóò fi fídíò gbogbo wọn han kíláàsì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Qasim, ọmọ kíláàsì wọn, ní òun wọ "ọkọ" dípò ọkọ̀ lọ sí àdúgbò Emene. Ìyàwó Emene ni wọ́n ń pè é di òní.

"Ṣé o ò tíì ṣe tán ni?" Bàbá rẹ̀ ń pè é láti iwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Dádì, fear dey catch me."

"Fear wo? Máa gbọ́ ohùn ara rẹ kó o tó pa á rẹ́. Bí o ò bá gbọ́ ọ, ìfiṣòfò ni."

Kò tíì gbọ́ ẹyọ kan nínú wọn rí. Ó ká òmíràn, ó fi fóònù sétí. Ohùn re re ló fi ń pe ọkọ́. Re mí ni Alhaja kọ́ wọn. Ó kùn ún lábẹ́lẹ̀ títí ó fi mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì tún fídíò náà ká.

"Wọ́n ń rọ ọkọ́."

Ó fi í ránṣẹ́ sí Alhaja kíá kí ọkàn rẹ̀ má baà yí padà. Ó dá ọkọ́ padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó wé ìborùn, ó sì forí lé mọ́sáláṣí.