Páńpẹ́ Tí Wọ́n Ń Pè Ní Párálósísì

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yẹ tíṣà kékeré wò, Bàbá Àfiwé ló kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọnà èdè Òyìnbó, kò sì lè béèrè omi kó má fi wé nǹkan. Bí tíì rẹ̀ bá tutù, á ní ó tutù bí ìkíni ìyá ọkọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sẹ́yìn àga rẹ̀.

Ọdún méjì ni tíṣà kékeré, ọmọbìnrin kan, ti ń kọ́ni dípò tíṣà kan tó ń ṣàìsàn. Bó bá yege, iṣẹ́ di tirẹ̀. Bí kò bá yege, kó kó ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Àwọn mẹ́ta ló jókòó kọjú sí i: ọ̀gá àgbà, Bàbá Àfiwé, àti alábẹ̀wò láti iléeṣẹ́ ẹ̀kọ́. Ilé-ìwé yìí náà ni alábẹ̀wò ti kọ́ni rí. Ògiri kan ló pààlà kíláàsì tirẹ̀ àti ti Bàbá Àfiwé.

Wọ́n bi ọmọbìnrin náà ní àfiwé, àsọrégèé, ìfohunpènìyàn. Ó dáhùn, fáànù tó ń kérora lókè orí wọn ló sì fi ṣàpẹẹrẹ. Ọ̀gá àgbà ń máàkì lọ.

Alábẹ̀wò wá rọra tẹ̀ síwájú. “Kí ni párálósísì?”

Ife tíì dúró sí ẹnu Bàbá Àfiwé.

Òun ló bí ọ̀rọ̀ yẹn. Ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, ó fura pé aládùúgbò kíláàsì rẹ̀ yìí ń da nóòtì òun kọ, títí kan ibi tí yíǹkì ti ta sílẹ̀. Ló bá hun ọ̀rọ̀ kan tí kò sí nínú ìwé kankan, ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí ènìyàn sẹ́ ohun tó mọ̀ pé òótọ́ ni, kí olùgbọ́ lè túbọ̀ gbà á gbọ́. Ó fẹ́ fi mú un lójú gbogbo tíṣà. Kó tó ráyè, wọ́n ti gbé ọkùnrin náà lọ sí iléeṣẹ́ ẹ̀kọ́, Bàbá Àfiwé sì gbàgbé. Àṣé ẹran ti gbé páńpẹ́ lọ.

Tíṣà kékeré ní òun rí i nínú ìwé tí iléeṣẹ́ pín, òun wá a káàkiri ibòmíràn, òun kò rí i, òun kì í sì í kọ́ ọmọ ní ohun tí òun kò rí ìdí rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dá a lóhùn,” ni alábẹ̀wò wí. “Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ.”

Ó dùn mọ́ Bàbá Àfiwé, ká má parọ́. Ọ̀rọ̀ tó bí ti rìn jìnnà. Lẹ́yìn náà ló rí bí ọmọbìnrin náà ṣe di báàgì rẹ̀ mú.

“Kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀,” ló sọ. “Èmi ni mo dá a sílẹ̀, kí n lè fi mú ọ níbi tí o ti ń da nóòtì mi kọ.” Kò fi wé ohunkóhun.

Alábẹ̀wò rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ nu. “Ọ̀gá àgbà, ẹ wò ó bí Ẹ̀gbọ́n ṣe ń fi párálósísì hàn wá lójúkojú.” Bí Bàbá Àfiwé ṣe ń búra tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá àgbà ń mi orí pé àpẹẹrẹ náà gún régé. Alábẹ̀wò kọ òdo síwájú orúkọ tíṣà kékeré.

Ọmọbìnrin náà dìde.

“Sà, ó ti wá yé mi. Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní àpẹẹrẹ tèmi. Alábẹ̀wò kan ní: ‘N kò da nóòtì ẹnikẹ́ni kọ rí.’”

Alábẹ̀wò wo ìwé iwájú rẹ̀ pẹ́, ó fa ìlà lé òdo náà, ó sì kọ máàkì pípé.

Lọ́jọ́ Ajé, Bàbá Àfiwé gba ẹ̀gbẹ́ kíláàsì tíṣà kékeré kọjá. Ogójì ọmọ ń ké ìtumọ̀ párálósísì lóhùn kan. Ó dúró sójú fèrèsé, ó ń wá ojú tíṣà. Tíṣà kékeré kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

“Ẹ tún un kà,” ló sọ fún àwọn ọmọ.