Ẹ̀rọ Ìlọkọfí Ẹnì Kan

Ẹni tó bá sọ fún yín pé kọfí kì í ṣe nǹkan tiwa, ẹ bi í léèrè bóyá ó dé Èkìtì rí. Ẹ̀yìnkùlé bàbá mi ni èmi àti Akínlóyè àbúrò mi ti ń ká a láti kékeré, èso pupa wẹ́wẹ́ tí àwọn ẹyẹ máa ń bá wa du. Igi náà ṣì wà níbẹ̀. Akínlóyè ṣì ń fi ránṣẹ́ sí mi títí dòní, nínú àpò ìrẹsì, pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní Èkó, wọn a sì bá mi gbé e dé Badagry. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní òyìnbó dúdú torí pé mò ń mu kọfí.

Iworo ni mo ń gbé, létí ọ̀sà, nínú ilé tí èmi àti ìyàwó mi kọ́ nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ní Òjó. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Olúbísí ni ìyàwó mi ń jẹ́, Ìyá Dayọ̀. Òun ló máa ń yan kọfí náà nínú ìkòkò irin, òun náà ló máa ń lọ̀ ọ́ lórí ọlọ kékeré kan tí kì í jẹ́ kí ata fara kàn. Kí oòrùn tó yọ lókè àwọn igi àgbọn, ìró ọlọ yẹn ni màá kọ́kọ́ gbọ́. Ife tánganran méjì la ní. Tirẹ̀ ní òdòdó pupa lára, tèmi funfun lásán. Iwájú ilé la ti máa ń mu ún, a ó máa wo àwọn apẹja bí wọ́n ṣe ń ti inú ọ̀sà bọ̀, a ó sì máa sọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn.

Wàyí o, ọmọ wa Tèmídayọ̀ bímọ ní Kánádà, ìyá rẹ̀ sì lọ bá a wẹ ọmọ. Oṣù mẹ́fà ló ní òun máa lò. Ọmọ náà ti ń sáré káàkiri ilé báyìí, wọ́n ti bí àbúrò lé e, ìyàwó mi ò tíì dé.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè é padà. Nílé wa, ọkùnrin kì í pe ìyàwó rẹ̀ kúrò lẹ́yìn ọmọ ọwọ́. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ikùn ara rẹ̀ ló ń rò, pé ọbẹ̀ ló ń wá kiri. Àwọn tó gbà á lálejò ló yẹ kó sọ pé, Màámá, ẹ ṣé o, ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n sì sìn ín wálé tẹ̀bùntẹ̀bùn. Mo wá jókòó, mò ń retí kí ojú ti ọkọ ọmọ mi. Ojú ò tì í. Ojú ta ló máa tì, nígbà tí ìyá ìyàwó bá mọ ọbẹ̀ sè?

Tó bá pè, a ó kí ara wa.

"Bàbá Dayọ̀, ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

"A dúpẹ́."

"Ṣé ẹ ń jẹun?"

"À ń jẹun."

"Ṣé kò sí wàhálà?"

"Kò sí o. Ẹ máa tọ́jú ọmọ."

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ òótọ́, ìdúró ni mo ti ń jẹun, láti inú ìkòkò. Mo ti ń bá rédíò jiyàn. Lọ́jọ́ kan, mo wọlé, mo kí ilé náà pé ẹ kú ilé o, mo sì dúró díẹ̀ bí ẹni pé wọ́n máa dá mi lóhùn. Ilé náà dákẹ́ jù, ó sì ń dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n ta ni í sọ irú èyí sínú fóònù, níbi tí ọmọ àti àna ti ń gbọ́?

Kọfí ló tú mi fó. Orúnkún mi ò gbà mí láyè láti kúnlẹ̀ ti ọlọ, mo sì yan kọfí náà fúnra mi, ó jóná díẹ̀, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ ata. Ọ̀gbẹ́ni yẹn fi àkísà nu ẹ̀rọ rẹ̀, ó búra fún mi pé ó ti mọ́. Mo délé, mo sè é, mo gbé e sẹ́nu, ata rodo ló kí mi káàárọ̀. Ojú mi pọ́n, imú mi ń dà. Nígbà tí Ìyá Dayọ̀ pè lórí fídíò, mo sọ ọ́ fún un, ó sì rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Inú mi dùn débi pé mo tún ìtàn náà sọ, mo sì bu iyọ̀ sí i.

Lọ́jọ́ yẹn náà ló sọ fún mi pé ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan nítòsí wọn ń wá òṣìṣẹ́, pé wọ́n ní kí òun wá. Ó ní kí ni mo rí sí i. Mo ní kò burú, bó bá ti wù ú. Ó ní ó dáa.

Kò pẹ́ sígbà náà, ẹnì kan tó ti Kánádà bọ̀ gbé páálí kékeré kan wá fún mi. Mo tú u. Nǹkan roboto dúdú kan ló wà níbẹ̀, kò ju agolo mílíìkì lọ, ó ní ọwọ́ gbọọrọ kan lókè tí a fi ń yí i. Kò sí iná, kò sí bátìrì. A ó da kọfí sí i lókè, a ó máa yí i, ìyẹ̀fun á máa bọ́ sínú ìdí rẹ̀. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Irú ohun tó yẹ arúgbó nìyí, mo lè jókòó lò ó.

Ẹ má rò pé ó rọrùn o. Nǹkan kan wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí a ń yí láti fi pinnu bí ìyẹ̀fun náà ṣe máa kúnná tó. Lọ́jọ́ kìíní mo tú u sílẹ̀ jù, kọfí náà dà bí omi tí wọ́n fi ṣan abọ́. Lọ́jọ́ kejì mo fún un pa, apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀, ohun tó jáde sì ti kúnná ju àtíkè lọ, ó dí asẹ́ pátápátá. Atẹ́gùn òkun máa ń mú kí ọwọ́ èèyàn rin, ó sì ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ni mo bá ki í sáàárín orúnkún méjèèjì, mo wé àkísà mọ́ ọn. Bí mo ṣe rí ojú rẹ̀ nìyẹn. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé, ó gbé mi padà sí ẹ̀yìnkùlé bàbá mi, àti sí ẹ̀gbẹ́ ìyàwó mi.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Sewanu yà, ọmọ Ègùn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ilé mi. Fofó ló máa ń pè mí, ìyẹn ẹ̀gbọ́n ní èdè wọn.

"Fofó, kí lẹ̀ ń yí báyẹn?"

"Ẹ̀rọ kọfí ni. Ìyá Dayọ̀ ló fi ránṣẹ́."

"Áà, kafé!" Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ṣí i, ó wo inú rẹ̀. "Tanti mi, àbúrò ìyá mi tó wà ní Pọ̀tọ̀nóvò, ní irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n tiẹ̀ tóbi, gbogbo ilé ló ń mu níbẹ̀. Eléyìí, ẹnì kan péré ló máa yó."

Mo ní kó jókòó, kí n lọ tiẹ̀ lẹ́yìn tèmi. Ó ní rárá, ẹ́ńjìnnì ẹnì kan ń dúró de òun. Ó lọ, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ sí mi lọ́rùn. Ẹnì kan péré.

Bàbá mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ àrokò. Ó máa ń sọ fún wa bí àwọn àgbà ṣe ń fi nǹkan ránṣẹ́ dípò ọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá so owó ẹyọ méjì kọjú síra, "ojú rẹ ni mo fẹ́ rí" nìyẹn. Tí wọ́n bá so wọ́n kẹ̀yìn síra, ìjà dé. Mo gbé ẹ̀rọ náà ka orí tábìlì, mo wò ó bí àgbà ṣe ń wo àrokò. Ìyàwó tó máa ń lọ kọfí ẹni méjì fi ẹ̀rọ ẹnì kan ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀. Kí ló tún kù tó fẹ́ sọ? Ó ní kí n máa dá lọ̀, kí n máa dá mu. Ó ní òun ò bọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá èèyàn kan gbé pẹ́ ló máa mọ bó ṣe rí. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà, kódà ní ìdúró.

Èmi náà wá pinnu pé àrokò ni màá fi dá àrokò lóhùn. Moyọ̀sọ́lá, ọmọ ará ìjọ wa kan, ń lọ sí ìlú kan náà tí Tèmídayọ̀ wà. Mo gbé ife tánganran méjèèjì, mo fọ̀ wọ́n, mo kọ ẹnu wọn síra, mo fi òwú funfun so wọ́n pọ̀ gírígírí. Mi ò kọ nǹkan kan mọ́ ọn. Ọmọ Èkìtì ni Olúbísí, ilé àgbà ló ti wá. Mo mọ̀ pé bó bá ti rí i, ó máa yé e pé ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ rí.

Láti ọjọ́ yẹn, ife ike ni mo fi ń mu kọfí. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún ni mo ń gbé e bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò. Ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ ni, tàbí àwọn tó ní mo jẹ ẹ̀bùn tí mi ò ta tẹ́tẹ́ rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ló pè. Kò sí fídíò, ohùn nìkan ni. Kò kí mi.

"Bàbá Dayọ̀, kí ni mo ṣe fún yín?"

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Moyọ̀sọ́lá ti gbé ife mi dé." Ó ń sunkún. "Ẹ kó ẹrù mi jáde nílé. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lé mi, ẹ ò lè fẹnu yín sọ ọ́? Ife mi lẹ kó tẹ̀ lé mi?"

Nílé wa, ọkọ tó bá kó ẹrù ìyàwó ránṣẹ́ sí i níbi tó lọ ti lé e nìyẹn, kò sí ohun tí ẹnu tún fẹ́ fi kún un.

"Bísí, ife méjì ni mo fi ránṣẹ́! Mo so wọ́n pọ̀ ni!"

"Ẹyọ kan ni mo rí. Tèmi, èyí tó ní òdòdó."

Ìgbà tó ké sí Moyọ̀sọ́lá lórí fóònù kejì ni ọ̀rọ̀ tú síta. Wọ́n ní àpótí rẹ̀ ti wúwo jù ní pápákọ̀ òfurufú, ó ń yọ ẹrù, ó bá já òwú náà, ó mú ife tó lẹ́wà, ó gbé ìkejì fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó sìn ín lọ. Ọmọ náà rò pé ife lásán ni. Mi ò lè bá a wí.

"Ojú ni mo kọ síra," mo sọ fún ìyàwó mi. "Ojú rẹ ni mo fẹ́ rí. Ṣebí ìwọ lo kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ẹnì kan ránṣẹ́ sí mi."

"Ẹ̀rọ ẹnì kan báwo? Èyí tí mo kọ́kọ́ rí ní ṣọ́ọ̀bù ni mo mú. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ máa mu ata mọ́ ni."

A rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì. Arúgbó méjì tí fóònù wà lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ kọfí àti ife pàrokò ránṣẹ́ síra wọn kọjá òkun bí ìgbà ogun. Ẹ̀rín yẹn ló fún mi lágbára.

"Bísí, wá sílé. Àdágbé ń pa mí. Ilé yìí ò ṣeé gbé láìsí ọ."

Mo gbọ́ ọmọ kan tó ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ ìgbà tó ti ilẹ̀kùn.

"Nígbà tí mo bi yín nípa iṣẹ́ àwọn arúgbó yẹn, mò ń retí kẹ́ ẹ ní rárá ni. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ní rárá. Ẹ ní kò burú. Mo ní áà, bóyá ilé ti rọ̀ yín lọ́rùn láìsí mi." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Mo ti tọwọ́ bọ̀wé, Bàbá Dayọ̀. Ọdún méjì. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi ń ṣe ìwé ìgbélùú mi, mi ò lè kúrò níbẹ̀ báyìí."

Mo gbé fóònù sí etí kejì.

"Wọ́n máa fún mi ní ìsinmi nígbà Kérésì," ó ní. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣé mo lè wá?"

Bó ṣe bi mí nìyẹn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí àlejò ṣe ń bi onílé. Obìnrin tó fi orí ara rẹ̀ ru omi tí a fi po sìmẹ́ńtì ilé yìí. Mo ní kó máa bọ̀. Mo tún ní kó máa bọ̀. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó síwájú ilé, mo sunkún ní ọ̀sán gangan lójú Sewanu àti gbogbo àwọn apẹja tó ń kọjá, ojú ò sì tì mí.