Iṣan Wo Ni Ẹ Ń Wí?

Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni ó ti àga onítáyà àbúrò rẹ̀ obìnrin wọ yàrá àyẹ̀wò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé apá obìnrin náà le tó láti yí i fúnra rẹ̀. Obìnrin náà ti ní kí ó fi òun sílẹ̀. Ọkùnrin náà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Láti ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ ti já bọ́ láti orí àtẹ̀gùn ilé kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣẹ́, ni ó ti sọ ara rẹ̀ di ọwọ́ àti ẹnu fún un.

Ayàwòrán ilé ni obìnrin náà. Ó ní ọ́fíìsì tirẹ̀, ó ní àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ náà sì jẹ́ iṣẹ́ ìjókòó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìjókòó yìí gan-an ni ó wá di ogun. Ẹran ìdí àti ti itan rẹ̀ ti joro débi pé egungun ń gún awọ láti inú. Egbò kan ti dá a dùbúlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, dókítà sì ti kìlọ̀ pé òmíràn lè tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé kí ó kúkú gbé ọ́fíìsì náà fún ẹlòmíràn, kí ó wá sinmi nílé òun.

Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn yìí ní kẹ̀kẹ́ kan tí kì í kúrò lójú kan. Iná mànàmáná díẹ̀díẹ̀ ni ó fi ń ta itan ẹni tí kò lè gbé ẹsẹ̀, kí itan náà lè máa wa kẹ̀kẹ́, kí ẹran rẹ̀ sì tún dì. Àwọn tí ń dúró dè é pọ̀ ju àyè lọ. Àwòrán inú itan ni dókítà yóò fi pinnu ẹni tí yóò gùn ún. Ohun tí ó bá wá nìyẹn.

Obìnrin tí ń ya àwòrán inú ara bi í bóyá irin wà lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n la ẹnu láti dáhùn. Àbúrò rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè sí i, ó ní irin wà lẹ́yìn òun, ṣùgbọ́n irú èyí tí òòfà kì í fà ni. Ayàwòrán inú ara náà bi í léèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Nígbà tí ó gbọ́, ó rẹ́rìn-ín.

“Ayàwòrán dé ọ̀dọ̀ ayàwòrán nìyẹn. Ẹ má wá bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ mi o.”

“Tí ìlà yín bá wọ́, màá sọ.”

Wọ́n gbé e sórí ibùsùn tóóró, wọ́n sì ti ẹsẹ̀ rẹ̀ wọnú ihò ẹ̀rọ òòfà náà. Ariwo rẹ̀ dà bí ti àwọn káfíńtà tí ọ̀gá wọn ti ń bínú sí láti òwúrọ̀. Ó di ojú, ó sì fara dà á.

Lẹ́yìn náà, dókítà pè wọ́n síwájú àwòrán náà. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Itan méjèèjì hàn bí ohun tí a fi ayùn gé ní ìbú. Kò ṣàjèjì sí obìnrin náà. Bẹ́ẹ̀ ni òun náà ṣe máa ń gé ilé lórí ìwé kí onílé lè rí inú ògiri. Dókítà ṣàlàyé pé ọ̀rá ni funfun, ẹran sì ni àwọ̀ eérú. Ní ọ̀tún, eérú pọ̀, bí funfun tilẹ̀ ti là á kọjá. Ní òsì, funfun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ilé.

“Iṣan ọ̀tún ṣì wà,” ni dókítà wí. “Ó rù, ṣùgbọ́n ó wà. Ti òsì ni ó kù díẹ̀ káàtó.”

Ẹ̀gbọ́n dìde. “Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi nígbà yẹn pé iṣan ti kú.”

“Iṣan ẹ̀yìn ni mo wí, sà. Èyí tí ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún ẹsẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n tún jókòó, ó sì rọra ròyìn ohun tí ó ṣe. Òun gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ sílé pé ẹran ẹsẹ̀ àbúrò òun ni ó kú. Nígbà tí olùtọ́jú gbé ẹ̀rọ iná kékeré kan wá láti máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn nítan, òun lé e padà, òun ní kí ó gbájú mọ́ apá. Kí ni a fẹ́ fi iná wá lára òkú? Àbúrò rẹ̀ wà lórí ibùsùn nígbà náà, kò lè dá yí ara padà. Nígbà tí ó bèèrè ìdí tí wọn kò fi tọ́jú ẹsẹ̀, wọ́n ní dókítà ni ó wí bẹ́ẹ̀.

Obìnrin náà kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. Dókítà ni ó kọjú sí.

“Iṣan wo ni ẹ ń wí? Ẹran ń jẹ́ iṣan. Okùn tí ń jíṣẹ́ ọpọlọ ń jẹ́ iṣan. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà náà, iṣan ni. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pa ẹsẹ̀ mi, ẹ ò sì padà wá wo òkú náà.”

Dókítà tọrọ àforíjì, ó sì tọrọ rẹ̀ tọkàntọkàn. Ó ní ó yẹ kí òun ti ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n itan méjèèjì ni kẹ̀kẹ́ náà ń fẹ́, ti òsì kò sì tó. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ kékeré náà nílé, kí àwọn tún ya òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀.

Lọ́dún tó ń bọ̀, egbò yóò ti padà dé, ọ́fíìsì yóò sì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Obìnrin náà yí àga rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó wà á dé àárín ẹnu ọ̀nà, ó sì fa bíréèkì rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè wọlé, kò sì sí ẹni tí ó lè jáde.

“Àwòrán yín sọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Kò sọ ohun tí ó lè ṣe. Èmi náà ń ya àwòrán jẹun, mo mọ ibi tí agbára rẹ̀ pin sí. Ẹ ta iná sí òsì náà. Tí kò bá dáhùn, mò ń lọ.”

“Olóríkunkun, rọra,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Orúkọ tí ó ti ń pè é láti kékeré nìyẹn.

Obìnrin tí ń ya àwòrán yọjú láti ẹ̀yìn gíláàsì. “Dókítà, ó jọ pé wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu dókítà láìfẹ́, ó sì gbà láti dán an wò.

Nínú yàrá kẹ̀kẹ́, wọ́n lẹ àwọn rọ́bà tí ń gbé iná mọ́ itan rẹ̀. Ọ̀tún súnkì lójú ẹsẹ̀. Òsì sùn gbalaja. Dókítà fi kún iná, kò sí nǹkan. Ó tún fi kún un, ó sì gbé ojú wo obìnrin náà bí ẹni tí ó fẹ́ dáwọ́ dúró. Obìnrin náà kò gbé ojú kúrò lára itan rẹ̀. Ó ní kí dókítà má dúró. Nígbà náà ni nǹkan kan yí lábẹ́ awọ, bí ẹja tí ó yí padà nísàlẹ̀ odò. Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún un ṣe, ẹja náà tún yí.

“Kò lágbára,” ni ó wí nígbẹ̀yìn. “Iná ló sì ń mì í, kì í ṣe ẹ̀yin.”

“Mo mọ̀. N ò bi yín léèrè ẹsẹ̀ tí ń rìn. Ìjókòó ni mo wá gbà.”

Dókítà ní òun yóò fún un láyè títí di àwòrán tó ń bọ̀; tí eérú kò bá pọ̀ sí i lósì nígbà náà, òun yóò gbà á padà. Obìnrin náà ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ó wá sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ẹ̀rọ kékeré ti alaalẹ́ di iṣẹ́ rẹ̀ láti òní lọ: ẹni tí ó lé e ni yóò pè é padà. Ọkùnrin náà mi orí pé òun gbà.

Wọ́n de ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ọ̀tún ń sáré, òsì ń wọ́ tẹ̀ lé e bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun tipátipá. Dókítà na ọwọ́ láti dín iná kù.

“Rárá,” ni obìnrin náà wí. “Ẹ fi kún ti òsì.”