Ẹ̀jẹ̀ Tó Gba Inú Páìpù Kọjá

Nígbà tí Marlys Hietala rí ọ̀gá rẹ̀ tó di etí fíríìjì mú, tó ń mí bí ẹni tó sáré gun òkè, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Dókítà Gordon Bergquist kì í fara ti nǹkan. Àgbàlagbà tó ṣì ń fúnra rẹ̀ gbẹ́ ihò sójú yìnyín adágún kó lè pẹja ni.

"Dókítà, ṣé ẹ lo oògùn ọkàn yín láàárọ̀ yìí?"

"Mo ti jáwọ́ níbẹ̀. Ó ń lọ sí oṣù kejì báyìí. Má wulẹ̀ pariwo."

Àyà Marlys já. Oògùn yẹn ló ń mú kí ọkàn ọkùnrin náà máa lù déédéé látìgbà tó ti dákú lójú adágún. Òótọ́ ni pé ó ní àléébù tirẹ̀: ó máa ń ba sẹ́ẹ̀lì tairọ́ọ̀dù jẹ́, ẹran kékeré tó wà níwájú ọ̀fun, tó ń darí okun ara. Ohun tí wọ́n sì ń bá yí nìyẹn ní yàrá ìwádìí wọn nílùú Duluth. Bergquist ní maikiro-RNA kan wà, ìránṣẹ́ bíńtín inú sẹ́ẹ̀lì, tó máa ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ bí oògùn bá ti ń pa sẹ́ẹ̀lì tairọ́ọ̀dù, kí ilé ìwòsàn tó mọ nǹkan kan. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ wò, maikiro-RNA náà ga fíofío. Ó jáwọ́ nínú oògùn náà, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́ pé ìwádìí òun jóòótọ́. Ẹ gbọ́ o, ẹni tí wọ́n ní àìsàn ń bọ̀ wá bá, òun ló ń dunnú!

Marlys, tóun náà gboyè dókítà lábẹ́ rẹ̀, lọ gbé ìyókù ẹ̀jẹ̀ náà jáde nínú fíríìjì. Omi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti yọ sẹ́ẹ̀lì pupa kúrò nínú rẹ̀ yẹ kó dà bí oyin tí wọ́n fomi là. Èyí dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹran. Sẹ́ẹ̀lì pupa ti bẹ́ sínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ maikiro-RNA yẹn gan-an kún inú sẹ́ẹ̀lì pupa.

"Ta ló gbé ẹ̀jẹ̀ yín wá láti ilé ìwòsàn?"

"Páìpù atẹ́gùn ni. Ta ló fẹ́ máa dúró de ẹni tó ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bọ̀ bí ẹni tó ń lọ mu kọfí?"

Òun ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Páìpù náà, tí atẹ́gùn fi ń ta ìgò ẹ̀jẹ̀ láti ilé ìwòsàn wá sí yàrá ìwádìí, a máa ju ìgò síwá sẹ́yìn, a sì sọ ọ́ lulẹ̀ gbì.

"Páìpù ti gbọn ẹ̀jẹ̀ yín títí sẹ́ẹ̀lì pupa fi bẹ́, Dókítà."

"Marlys, ojú lásán lo fẹ́ fi bá ẹ̀rọ jiyàn?"

"Ẹ ká ọwọ́ aṣọ yín sókè. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ bá ara rẹ̀ jiyàn."

Ó ń kùn, ṣùgbọ́n ó na apá. Marlys fa ẹ̀jẹ̀ tuntun, ó pín in sí méjì. Ó fọwọ́ gbé ọ̀kan lọ sídìí ẹ̀rọ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹyin. Ó fi èkejì sínú páìpù, ìgò náà lọ sílé ìwòsàn, wọ́n sì ta á padà.

Ẹ̀rọ kì í kánjú nítorí ẹnikẹ́ni. Bergquist jókòó, ó fìka tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ń lù, ó ń fò, ó ń dúró. Ẹ̀rù ba Marlys gidigidi.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì nísinsìnyí."

"Kí wọ́n tún fún mi ní oògùn yẹn? Tí àyẹ̀wò mi bá tọ̀nà ńkọ́? Ọ̀fun mi á bà jẹ́. Màá dúró."

"Ìwé ìwádìí yín lẹ̀ ń dúró tì, kì í ṣe ọ̀fun."

Bergquist wò ó bí ẹni tó fẹ́ gbá a létí.

Èsì jáde. Nínú ẹ̀jẹ̀ tí Marlys fọwọ́ gbé, maikiro-RNA náà kò ju ti ẹni tí kò fẹnu kan oògùn rí lọ. Nínú èyí tó gba páìpù, ó ga fíofío. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, láti apá kan náà.

"Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tá a ti yẹ̀ wò ló gba ibẹ̀," Bergquist sọ. Ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun. Ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kọ̀. Marlys bá ń ti àga onítáyà tó jókòó lé lọ, ó gba ọ̀nà tó so yàrá ìwádìí pọ̀ mọ́ ilé ìwòsàn, ó ń sáré, ó ń bú u.

"Alágídí! Ẹ ò ní kú mọ́ mi lọ́wọ́ lónìí!"

Nọ́ọ̀sì pàjáwìrì lẹ wáyà mọ́ ọn láyà. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi jáwọ́ nínú oògùn yín, bàbá?"

"Àyẹ̀wò kan ló ní kí n jáwọ́."

Nọ́ọ̀sì pòṣé. "Irú àyẹ̀wò wo nìyẹn? Ta ló ṣe é fún yín? Ó yẹ kí wọ́n mú onítọ̀hún."

Bergquist wo Marlys, ó tún wo nọ́ọ̀sì.

"Èmi ni," ló wí. "Àyẹ̀wò náà kò dáa. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."