Ìwé Mẹ́rin fún Ọ̀nà Òkè Jos

Ẹni tó bá sọ fún yín pé obìnrin nìkan ló ń jowú, irọ́ ló ń pa. Èmi Obadiah Akínladé, akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Sabon Gari, ọkùnrin tó ní ìyàwó kan ṣoṣo, mo jowú lọ́dún 1958 débi pé oúnjẹ korò lẹ́nu mi. Kì í sì í ṣe torí obìnrin. Torí ìjókòó ẹ̀yìn alùpùpù ni.

Adéríbigbé ló ni alùpùpù náà. Ọ̀rẹ́ mi ni láti ìgbà tí a ti jọ wọ rélùwéè dé Kano, tí a sì jọ há sínú yàrá kan títí a fi rí ọwọ́ mú. Òun ń ta páàtì kẹ̀kẹ́ nínú ọjà, èmi ń ta ìwé àti tàdáwà lójúde ilé mi. Kò sí ọjọ́ tí ilẹ̀ ń ṣú tí a kì í fojú kan ara wa.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀: èmi ni mo kọ́kọ́ ní ìrìn àjò òkè Jos lọ́kàn. Kano tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ènìyàn bá ti wo òkè Dala tán, ó ti wo òkè tán nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ òkè ni wọ́n bí èmi sí nílé. Awakọ̀ kan tó máa ń kó pòtétò wá láti Jos ló sọ fún mi pé òtútù ń mú lọ́hùn-ún lọ́sàn-án gangan, pé omi ń já láti orí àpáta, pé bí èèyàn bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà, yóò máa wo òrùlé ilé nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mi ò sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Mo mú ìwé pélébé kan nínú ọjà mi, mo kọ gbogbo rẹ̀ sí i: ọjọ́ kìíní Zaria, ọjọ́ kejì Saminaka, lẹ́yìn náà Jos, lẹ́yìn náà Pankshin. Mo kọ ibi tí a ó ti bu epo, mo kọ ibi tó yẹ ká ti wọ súwẹ́tà. A ò tíì ní alùpùpù nígbà náà o. Ọdún márùn-ún gbáko ni Adéríbigbé fi ń jókòó tì mí lórí ìwé yẹn, tí a jọ ń ṣírò ọjọ́. Ó ní, “Akọ̀wé, ọjọ́ tí ẹnì kan nínú wa bá rí alùpùpù rà, a ti lọ nìyẹn.” “A ti lọ” ló wí. Mo gbọ́ ọ dáadáa.

Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún 1958, ó gun alùpùpù tuntun dé iwájú ilé mi, ó ń dún gbì-gbì-gbì, gbogbo títì jáde wá wò ó. Mo yí i po lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fọwọ́ kan ìjókòó ẹ̀yìn, ó rọ̀. Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo rà á.

“Kérésì yìí náà ni,” Adéríbigbé wí. “Èmi àti George.”

Mo ní, “George wo?”

“George tó ń ṣiṣẹ́ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ọmọ yẹn mọ ẹ́ńjìnnì. Bí nǹkan bá bàjẹ́ sáàárín igbó, ìwọ á fi tàdáwà tún un ṣe ni?”

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé òótọ́ ló sọ, mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n ṣé òótọ́ ń pa owú ni? Ńṣe ló tún ń koná mọ́ ọn.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn, pálọ̀ mi ni wọ́n ń kó wá láti ṣètò. Lórí tábìlì mi. Pẹ̀lú ìwé pélébé mi! Adéríbigbé á wọ awò eruku, á máa wo ara rẹ̀ nínú dígí ìyàwó mi. George, tí wọ́n bí sí Kano, tí Yorùbá rẹ̀ ò jinlẹ̀ ju omi inú àwo lọ, á mú lẹ́ẹ̀dì pupa, á máa fa ìlà sórí ohun tí mo kọ.

“Bọ̀dá Akọ̀wé,” ni yóò wí, “Saminaka no get petrol fa. Ẹ jẹ́ ká gbé jẹ́rìkàn méjì kawai, shi ke nan.”

Shi ke nan, ó parí nìyẹn! Ọdún márùn-ún mi, ọmọdé fi lẹ́ẹ̀dì pupa pa á rẹ́. Mo wo Adéríbigbé bóyá yóò sọ nǹkan. Ó ní, “George, o ṣeun, ọgbọ́n wà lórí ẹ.” Ṣìkẹ́mi ìyàwó mi, ìyá Charles ọmọ wa, tó ń se oúnjẹ tà, kò ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rárá. Ó ń din ṣín-ṣín kún agolo fún wọn, ó sì ra kílíṣí tó dára jù lọ́jà. Ìyàwó èmi ló ń din ohun tí George yóò jókòó jẹ lórí òkè tèmi.

Láyé ìgbà náà, àwa ará Gúúsù kì í rìnrìn àjò nílẹ̀ Hausa láìgba ìwé lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Ibi gbogbo tí o bá dé, ọmọ ìlú rẹ kan wà níbẹ̀. Wàá fún un ní ìwé, yóò fún ọ ní yàrá àti oúnjẹ. Àpòòwé náà, akọ̀wé á ti lẹ̀ ẹ́ pa, ẹni tó ń gbé e lọ kì í tú u. Nígbà tí Kérésì ku ọ̀sẹ̀ kan, Adéríbigbé wá sọ́dọ̀ mi.

“Akọ̀wé, bá wa kọ mẹ́rin. Ìwọ lo mọ gbogbo wọn.”

Mo kọ ti Zaria dáadáa. Mo kọ ti Saminaka àti ti Pankshin dáadáa. Nígbà tó kan ti Jos, ọwọ́ mi dúró. Jos ni orí ìrìn àjò náà, ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́fà ṣe ibùdó kí wọ́n máa jáde lọ wo àpáta àti omi. Bàbá Sàlámì ni yóò gbà wọ́n sílé, àgbàlagbà oníyàwó mẹ́ta tí kì í fi ọ̀ràn ìyàwó rẹ̀ ṣeré. Mo mú gègé, mo kọ ọ́ báyìí:

“Bàbá wa, ẹni tó mú ìwé yìí wá, ẹ fún un lóúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó sùn nínú ilé yín. Ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ìyàwó oníyàwó. Ohun tó lé e kúrò ní Kano lásìkò ọdún yìí, n kò fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé.”

Irọ́ ni gbogbo rẹ̀, láti òkè délẹ̀. Adéríbigbé kò tilẹ̀ lè wo obìnrin lójú bó bá ń kí i. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì lẹ̀ ẹ́ pa. Bàbá Sàlámì kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n Ṣàràfá ọmọ rẹ̀ ló máa ń ka ìwé fún un, mo sì ti ń rí i bí bàbá yóò ṣe lé wọn jáde tí wọn ó sì forí lé ọ̀nà padà wá sí Kano. Ara tù mí. Mo jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ kejì Kérésì ni wọ́n gbéra. Àwọn ará títì ń pariwo “Sai kun dawo!”, ìyẹn ni pé ó di àbọ̀. Adéríbigbé sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù, ó dì mọ́ mi.

“Màá wò ó dáadáa, kí n lè ròyìn rẹ̀ fún ẹ.”

Mo ní kí Ọlọ́run ṣọ́ wọn. Ẹnu lásán ni.

Ní ọjọ́ kẹrin, mo ń jẹ mọ́ínmọ́ín lọ́dọ̀ Àìná, obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Jos dé. Mo fi ọgbọ́n béèrè àlàáfíà ilé Bàbá Sàlámì.

“Wọ́n wà dáadáa,” ni Àìná wí. “Ṣàràfá nìkan ni kò sí ńlé. Ó ti wọṣẹ́ ọlọ́pàá, Kaduna ló wà láti oṣù kọkànlá.”

Mo gbé mọ́ínmọ́ín kalẹ̀. “Ta ló wá ń kàwé fún bàbá?”

“Ta ni ì bá tún jẹ́? Ẹni tó bá mú ìwé dé náà ni.”

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Mo sáré lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, mo gba fọ́ọ̀mù wáyà, mo kọ “Má ka ìwé Jos” sí i, mo ya á. Ta ló máa rí irú wáyà bẹ́ẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ ka ìwé náà? Bẹ́ẹ̀ sì ni wọn á ti dé Jos láti àná. Ọjọ́ mẹ́wàá tó tẹ̀lé e, bí mo bá gbọ́ alùpùpù lójú títì, ẹ̀yìn ilé ni mo ń gbà. Owú tí mo ń jẹ ti lọ, ìtìjú ló kù.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni Adéríbigbé dé, òun nìkan, eruku ọyẹ́ bò ó láti orí dé bàtà. Ṣìkẹ́mi gbé omi fún un, ó kúnlẹ̀ kí i kú àbọ̀. Adéríbigbé mu omi náà tán, ó fa àpòòwé kan yọ.

“Bàbá Sàlámì ní kí n fún ẹ.”

Mo tú u. Ìwé tèmi kò sí níbẹ̀. Ìwé tuntun ni, mo sì mọ ẹni tó kọ ọ́, nítorí kò sí ẹlòmíràn ní Kano tí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ń dà sẹ́yìn bíi ti Adéríbigbé.

“Kà á síta,” ló wí, “kí Ìyá Charles gbọ́.”

Mo kà á:

“Obadiah ọmọ mi, mo rí ìwé rẹ gbà. Adéríbigbé ló kà á fún mi, òun náà ni mo ní kó kọ èyí. Ó pẹ́ tí mo ti ń gba ìwé, n kò gba èyí tó dùn tó o rí. O ní kí n fún wọn ní yàrá tó móoru nítorí òtútù. Mo fún wọn. O ní ìwọ lo kọ́kọ́ ní ìrìn àjò yìí lọ́kàn, pé ọ̀nà tí ìwọ là sílẹ̀ ni wọ́n ń tọ̀, pé ó dùn ọ́ wọra pé wọn kò mú ọ dání, síbẹ̀ pé o ń gbàdúrà kí ọ̀rẹ́ rẹ rí gbogbo ohun tí ojú rẹ fẹ́ rí…”

Mo gbé ìwé náà kúrò lójú. Adéríbigbé ń wo ife omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Má dúró,” ló wí. “Ó kù.”

“… Irú ọ̀rẹ́ báyìí ṣọ̀wọ́n. Kí Ọlọ́run má yà yín. Èmi Sàlámì.”

Ṣìkẹ́mi ti ń fi etí ìró nu ojú.

“Bàbá Charles,” ló wí, “láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yín, mi ò mọ̀ pé ẹ lè kọ irú ìwé báyìí.”

Adéríbigbé gbé ife kalẹ̀, ó dìde, ó mú fìlà rẹ̀.

“Èmi náà ò mọ̀, Ìyá Charles.”